Ìwé Atọ́nà Lọ́wọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Ó lè ya ẹlòmíràn nínú yín lẹ́nu pé àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni fẹ́ fi ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìbéèrè kan wà tí ó kan àwa àti àwọn bákan náà: nígbà tí ẹ̀kọ́ bá pọ̀ ju ohun tí orí ẹnìkan lè gbà lọ, kí ni ìwé kékeré tí a kọ láti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lè ṣe fún un, kí sì ni kò lè ṣe? Ìbéèrè yìí wúwo lọ́rùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé ó yẹ kí a wo ojú tí wọ́n fi ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí àwa náà lè fi kọ́gbọ́n ṣáájú ọjọ́ tí a ó dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì tiwa.

Ẹni tí ó bá mọ Ìgàndò kò ní ṣàìmọ àwọn tí à ń wí. Níbẹ̀ ni ilé-ìwòsàn ìjọba ti Alímọ̀ṣọ́ wà, tí àwọn ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti gbogbo àgbègbè náà ń gbé aláìsàn wọn lọ. Ọ̀nà tí ó ti Ọ̀jọ́ wá sí Ìṣẹrí sì gba àárín ìlú náà kọjá. Ní Ọ̀jọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń lo ọdún wọn kìíní, kí wọn tó kọjá sí Ìkẹjà, níbi tí a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn sílẹ̀ ní 1999. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ ní agbègbè wa. Ní 1930 ni ìjọba ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yábà. Ti Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1948, ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Láti ìgbà Yábà títí di òní, ẹ̀kọ́ náà ń pọ̀ sí i ni, kò dínkù rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹrù náà ti tó. Ọdún mẹ́fà ni ẹni tí ó bá wọlé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga oníwèé mẹ́wàá yóò lò, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún kìíní tí ó jẹ́ ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbogbogbòò, yóò kọjú sí ẹ̀kọ́ mẹ́ta papọ̀: Anátómì, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, Físíọ́lọ́jì, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́, àti Báyókẹ́místìrì, tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú oúnjẹ tí a jẹ. Eegun 206 ni ó wà lára àgbàlagbà; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ, ó ní ojú àmì lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní iṣan tí ó dì mọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá yege, ẹ̀kọ́ nípa bí àrùn ti ń ba ara jẹ́ àti ẹ̀kọ́ nípa oògùn ni ó kàn. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ wọ́ọ̀dù lọ sọ́dọ̀ àwọn aláboyún, àwọn ọmọdé, àti àwọn tí a ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tí ó bá kùnà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò ńlá wọ̀nyí lè pàdánù odindi ọdún kan, tàbí kí a ní kí ó lọ wá ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́. Ẹni tí ó wà nínú irú ipò yìí ni ó mọ ohun tí ń jẹ́ kí ènìyàn wá ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Ní ìgbà àwọn baba wa, kò sí ìwé. Ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ oníṣègùn a máa gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sínú igbó. Ọ̀gá a na ìka sí ewé kan, a sọ orúkọ rẹ̀, a sọ èyí tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun, a sì tún bi í léèrè nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé. Ìka ọ̀gá yìí gan-an ni ìwé atọ́nà jẹ́. Kì í ṣe igbó náà, kì í sì í ṣe ewé náà. Ohun tí ń jẹ́ kí ojú rí ewé nínú igbó ni.

Àwọn Òyìnbó pẹ̀lú ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1858, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan tí ń jẹ́ Henry Gray tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ẹ̀yà ara, tí ẹnìkejì rẹ̀, Henry Vandyke Carter, sì ya àwòrán inú rẹ̀. Gray kú ní 1861, ní ẹni ọdún 34, nípa àrùn ìgbóná, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò kú. A ṣì ń tún un tẹ̀ títí di òní. Igbó ńlá ni ìwé Gray. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Daniel John Cunningham, ará Scotland, kọ irú ìwé mìíràn, tí ọ̀pọ̀ dókítà ilẹ̀ wa lò nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé Cunningham kì í sọ ohun gbogbo. Ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dúró ti òkú lórí tábìlì sọ̀rọ̀ pé: la awọ ara láti ibí dé ibí, fà á sẹ́yìn, wá iṣan báyìí, kíyèsí ohun tí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí a bá kà á níbi tí òkú kò sí, kò fi bẹ́ẹ̀ nítumọ̀. Iṣẹ́ ni ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1999, Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Dundee, ní Scotland kan náà, kọ̀wé fún àwọn olùkọ́ ìṣègùn gbogbo ayé nípa ìwé atọ́nà. Wọ́n fi hàn pé iṣẹ́ mẹ́ta ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Èkíní, ó lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ṣókí. Èkejì, ó lè gbé iṣẹ́ àti ìbéèrè ka iwájú rẹ̀, kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìmọ̀. Ẹ̀kẹta, ó lè ràn án lọ́wọ́ láti ṣètò ara rẹ̀: kí ni ó yẹ kí ó mọ̀, nígbà wo, nínú ìwé wo, àti báwo ni a ó ṣe dán an wò. Ìwé kan lè tẹ̀ sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju èyí tí ó kù lọ. Ibi tí ó bá tẹ̀ sí ni ó ń fa ìyàtọ̀ nínú ojú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wò ó. Bí a bá fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, ọ̀nà mẹ́rin ni èrò wọn pín sí.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ìwé atọ́nà nítorí pé ó ń fi ààlà oko hàn wọ́n. Wọ́n ní kì í ṣe líle ẹ̀kọ́ ni ó ń ba àwọn lẹ́rù, bí kò ṣe àìmọ ibi tí ó parí sí. Ìwé ńlá a fi ojú ewé púpọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dọ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sì ní mọ èyí tí dókítà kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀ àti èyí tí ó wà fún àwọn ọ̀mọ̀ràn nìkan. Nígbà tí olùkọ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pé, “Bí ẹ bá parí èyí, ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe báyìí, kí ẹ sì lè ṣàlàyé báyìí,” ọkàn wọn a balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa kẹ́dùn bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánwò. Àtùpà tí a tàn lẹ́yìn tí àlejò ti ṣubú sínú kòtò, kí ni a fẹ́ fi í ṣe?

Àwọn ẹgbẹ́ kejì ń wò ó bí oúnjẹ tí a ti sè tán. Ohun tí wọ́n ń wá ni àkọsílẹ̀ ṣókí àti ìwé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, tí àwọn tí ó ṣáájú fi lé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Láti ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé ni wọ́n ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Nísinsin yìí inú fóònù ni ó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. A kò gbọdọ̀ yára dá wọn lẹ́bi. Ìwé ńlá wọ́n púpọ̀, ẹ̀dà tí ó wà ní ilé ìkàwé kì í tó, iná mànàmáná a sì máa lọ ní òru tí ó yẹ kí a kàwé. Bí olùbéèrè bá sì ń bèèrè ohun kan náà lọ́dọọdún, òun gan-an ni ó kọ́ wọn pé ọ̀nà àbùjá kò burú.

Síbẹ̀ ewu ń bẹ níbẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà wá. Ewu kìíní ni ti àṣìkọ. Àkọsílẹ̀ tí a dà kọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn kò ní olóòótọ́ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àmì kékeré kan bá bọ́ láàárín òǹkà, 0.5 á di 05, ẹlòmíràn á sì kà á sí 5. Ìwọ̀n oògùn ti di ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Ewu kejì ni ti ogbó. Ní 2005, orílẹ̀-èdè wa fi kilorokúìnì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́lò fún ibà, nítorí pé kòkòrò ibà ti mọ́ ọn lára. Oògùn alápapọ̀ tí a fi atimísínì ṣe ni ó gba ipò rẹ̀. Ní 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbani nímọ̀ràn pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a rò pé ibà ń ṣe wò kí a tó fún un ní oògùn. Àkọsílẹ̀ tí ó ti wà kí àwọn ọdún wọ̀nyí tó dé, tí kò sì ní ọjọ́ tàbí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ lára, a máa sọ ọ̀rọ̀ àná fún aláìsàn òní.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tí wọ́n gbà pé ìwé atọ́nà tí ó dára jù ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n a ka ìwé ńlá, wọ́n a pa á dé, wọ́n a sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Wọ́n a jókòó ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí olúkúlùkù sì bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè. Ìwádìí gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 2006, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú láti kà. Àwọn kan tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mìíràn kò tún un kà mọ́, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó mókè: wọ́n rántí bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìyókù rántí 75. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tí ó tún un kà rántí 42 péré, àwọn tí ó dán ara wọn wò rántí 56. Ẹ kíyèsí ohun tí èyí fi yé wa. Àkàtúnkà a máa dùn mọ́ni, a sì máa jẹ́ kí a rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè a máa ni wá lára, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ́ kí ìmọ̀ dúró. Nítorí náà ìwé atọ́nà tí ó kún fún ìdáhùn nìkan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ náà gan-an ni ẹ̀kọ́.

Ẹgbẹ́ kẹrin ni àwọn tí wọ́n ti dé wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti wà nínú ẹgbẹ́ kejì nígbà kan rí, ṣùgbọ́n aláìsàn ti yí èrò wọn padà. Wọ́n ní aláìsàn kì í to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìwé ti to tirẹ̀. Ká ní ìyá kan gbé ọmọ ọdún méjì wá sí ilé-ìwòsàn ní òru, tí ó ní ara ọmọ náà ti ń gbóná láti ìjẹta. Ẹni tí àkọsílẹ̀ ṣókí nìkan wà lórí rẹ̀ yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé ibà ni, nítorí pé ibà ni ó wà ní òkè ojú ewé. Orílẹ̀-èdè wa nìkan ni ó sì ní ju ìdámẹ́rin gbogbo ibà ayé lọ ní 2022. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń mú kí ọmọ náà mí gúlegúle. Ó lè jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ ti le gan-an, tí ó sì ń bì, tí oorun rẹ̀ kò dà bí oorun ọmọdé. A jẹ́ pé àrùn yírùnyírùn ni, tí ń mú awọ tí ó bo ọpọlọ wú, tí kò sì fún ènìyàn láyè láti dúró di ọ̀la. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí ibà tí ẹlòmíràn ń là kọjá lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, tí ó ka mímí rẹ̀, tí ó bi ìyá rẹ̀ léèrè, ni ó lo ìwé atọ́nà dáradára, nítorí pé ìwé náà rán an dé ara aláìsàn. Ẹni tí ó dúró lórí ìwé ti ṣèèṣì fi ọ̀nà ṣe ilé.

Ohun kan tún wà tí gbogbo wọn jọ ń sọ, òun ni ti ìwé àjèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé atọ́nà tí ó gbajúmọ̀ jù láàárín akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lónìí ni First Aid for the USMLE Step 1. Ìdánwò àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a kọ ọ́ fún, ó sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáradára. Àwọn tí ń gbèrò láti lọ sí òkè òkun a sì máa dì í mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n àrùn tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ lè ṣọ̀wọ́n níhìn-ín, èyí tí wọ́n sì fi ìlà kan sọ lè jẹ́ èyí tí ó kún wọ́ọ̀dù wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti rí àlàfo yìí, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ lé e lórí. Badoe àti Archampong, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gánà, pẹ̀lú da Rocha-Afodu, ṣe ìwé iṣẹ́ abẹ fún ilẹ̀ olóoru. Azubuike àti Nkanginieme sì ṣe ti àrùn àwọn ọmọdé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa sọ pé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti ń pàdé aláìsàn tí àwọn mọ̀. Kí a má ju ti àjèjì nù, ṣùgbọ́n kí ti ilé ṣáájú.

Nísinsin yìí, kí ni èyí kọ́ àwa tí a ó di olùkọ́? Àwa náà yóò kọ àkọsílẹ̀ sára pátákó, a ó sì pín ìwé kékeré fún àwọn ọmọ tí kò ní owó láti ra ńlá. Ó yẹ kí a di ohun mẹ́rin mú.

Ní ọ̀nà kìíní, kí ìwé náà dé ọwọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí ó sì sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe ní ìparí, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ fẹ́ wí nìkan.

Ní ọ̀nà kejì, kí ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀ ju ìdáhùn lọ, kí ìdáhùn sì jìnnà díẹ̀ sí ìbéèrè, kí ọmọ lè kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ní ọ̀nà kẹta, kí ó máa rán ọmọ jáde kúrò nínú ara rẹ̀: lọ sínú ìwé ńlá, lọ sínú ọgbà láti wo ewé, lọ sínú ọjà láti ka òǹkà, gẹ́gẹ́ bí ti Cunningham ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ sára òkú. Kí àpẹẹrẹ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ibi tí ọmọ náà ń gbé.

Ní ọ̀nà kẹrin, kí a kọ orúkọ wa àti ọdún tí a kọ ọ́ sára rẹ̀, kí a sì máa tún un ṣe. Olùkọ́ tí ó fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé yóò ṣọ́ ohun tí ó kọ.

Àwọn kan nínú wa lè wí pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni ti dókítà, pé bí olùkọ́ ṣe àṣìṣe, kò sí ẹni tí yóò kú. Ẹ jẹ́ kí a rò ó jinlẹ̀. Dókítà tí yóò fọwọ́ kan ọrùn ọmọ yẹn ní òru ti jẹ́ ọmọ kíláàsì ẹnìkan rí. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bóyá kí ó máa há ìdáhùn sórí, tàbí kí ó máa wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó sì bèèrè. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó lè fi ọdún mẹ́fà tún gbogbo ohun tí a ti fi ọdún méjìlá bàjẹ́ ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá jókòó láti kọ ìwé atọ́nà fún àwọn ọmọ wa, kí a rántí pé ìka tí ń tọ́ka ni a ń fún wọn. Kí ìka náà tọ́ka sí ibi tí ó tọ́, kí a sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a ká a kò, kí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ ríran.